Ooru Sókótó àti ti Èkó, èwo ló le jù?

Àbúrò, o ní Sókótó ni wọ́n gbé ẹ lọ láti ṣe àgùnbánirọ̀, o sì ń bèèrè bóyá ooru ibẹ̀ ju ti Èkó lọ. Tó bá jẹ́ ti òǹkà ni, ó jù ú dáadáa: lóṣù kẹrin, Sókótó máa ń kọjá 40°C lọ́sàn-án, Èkó kì í sábà ju 34 lọ. Àmọ́ ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀gbẹ́ òkun àti ọ̀sà l'Ékòó wà, òógùn kì í gbẹ lára. Aṣọ á lẹ̀ mọ́ ẹ lẹ́yìn, kódà lóru. Ní Sókótó, afẹ́fẹ́ gbẹ, òógùn á ti gbẹ kó tó ṣàn, ìyẹn ló ń mú ara tutù díẹ̀. Ewu rẹ̀ ni pé omi lè tán lára rẹ láìfura, àfi tí orí bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ẹ. Máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ ẹ́.

Òṣogbo wa níbí wà láàárín. Oṣù kẹta ni páànù máa ń sun èèyàn nínú ilé, tí òjò bá ti wá rọ̀ nírọ̀lẹ́, oorun dé nìyẹn.

Èmi ò kọ Sókótó o, bí ibòji bá ṣáà ti wà. Tí wọ́n bá gbà kó o pààrọ̀, Jọ́ọ̀sì ni kó o bèèrè: orí òkè ló wà, ó ga tó nǹkan bíi 1,200 mítà, ìyẹn ló jẹ́ kí ibẹ̀ tutù.