Kí ni X-1 ń ṣe lára orúkọ Cygnus X-1?

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé: kí ni ìtumọ̀ X àti 1 tó wà lára Cygnus X-1, ihò dúdú ojú ọ̀run tí àwọn onímọ̀ ń pè ní black hole? Èsì tí àwọn kan ń pín kiri ni pé X dúró fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, pé 1 sì ń sọ pé òun ni ihò dúdú àkọ́kọ́ láyé. Wọ́n tún fi kún un pé inú ikùn ihò náà ni X-ray ti ń jáde. Irọ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà! Tí nǹkan kò bá yé ènìyàn, ṣé kò kúkú sàn kó béèrè ju kó máa hùmọ̀ lọ?

X-ray gan-an ni X yẹn. Lóòótọ́, Röntgen, onímọ̀ físíìsì tó ṣàwárí rẹ̀, fún ìtànṣán náà ní lẹ́tà X ní 1895 torí pé kò tíì yé e, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi máa rí Cygnus X-1 ní 1964, X-ray ti di iṣẹ́ ojoojúmọ́ nílé ìwòsàn. Nọ́ńbà 1 ní tirẹ̀ ń sọ pé òun ni orísun X-ray àkọ́kọ́ tí wọ́n kà nínú agbo ìràwọ̀ Cygnus. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ ipò láàárín àwọn ihò dúdú ni, báwo la ṣe fẹ́ ṣe Scorpius X-1, Vela X-1 àti Hercules X-1? Ìràwọ̀ neutron ni gbogbo wọn, ìyẹn ìyókù ìràwọ̀ ńlá tó ti kú, wọn kì í ṣe ihò dúdú. Scorpius X-1 tilẹ̀ ṣáájú. Ní 18 oṣù Kẹfà 1962, onímọ̀ X-ray ojú ọ̀run, Riccardo Giacconi, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yin rọ́kẹ́ẹ̀tì Aerobee láti White Sands ní New Mexico, torí afẹ́fẹ́ ayé kì í jẹ́ kí X-ray ojú ọ̀run dé ilẹ̀. X-ray òṣùpá ni wọ́n lọ wá. Ìṣẹ́jú tí kò pé mẹ́fà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì náà fi wà lókè 80 kìlómítà ni wọ́n fi pàdé orísun tó ń tàn láti ìhà Scorpius.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òwe yìí ṣàlàyé àṣà àwọn onímọ̀ X-ray ju ìwé físíìsì lọ, ẹnikẹ́ni tó bá sì fẹ́ jiyàn, kó kó orúkọ wọn jọ kó wò wọ́n dáadáa. Ilé tí nǹkan náà wà ni orúkọ ń sọ, kò sọ ìwà rẹ̀ rárá. Cygnus X-1, ihò dúdú ni. Cygnus X-2, ìràwọ̀ neutron ni. Cygnus X-3, wọn ò tíì fẹnu kò lórí ohun tó jẹ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jẹ́ orúkọ ilé kan náà, nítorí náà ẹni tó ń wá ìwà nínú orúkọ yóò ṣìnà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé nìkan là ń wò. À ń wo ọjọ́ pẹ̀lú. Sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe fún X-ray ojú ọ̀run nìkan, 12 oṣù Kejìlá 1970 ni wọ́n yìn ín, láti orí pèpéle San Marco tí àwọn ará Ítálì gbé kalẹ̀ sínú òkun nítòsí Malindi ní Kẹ́ńyà. Ọjọ́ yẹn gan-an ló pé ọdún méje tí Kẹ́ńyà gba òmìnira. Ni Marjorie Townsend, tó ń darí iṣẹ́ náà ní NASA, bá sọ ọ́ ní Uhuru, òmìnira lédè Swahili, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń pe ọmọ ọjọ́ ọdún ní Abíọ́dún. Wọn kò ṣàdédé yan Kẹ́ńyà o. Ibẹ̀ súnmọ́ ìlà tó pín ayé sí méjì, sátẹ́láìtì tí wọ́n bá yìn níbẹ̀ sì lè máa yípo lórí ìlà náà, kò ní máa la àárín ibi tí àwọn èérún kéékèèké tó ní agbára iná mànàmáná ti sọ̀kalẹ̀ wá sí tòsí ayé, lókè gúúsù òkun Àtìláńtíìkì. Bí èérún wọ̀nyẹn bá kọlu ẹ̀rọ, ẹ̀rọ yóò kà wọ́n mọ́ X-ray, gbogbo ìṣirò á sì dàrú.

Àpótí méjì tó ń ka X-ray ló wà lára Uhuru, wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn, ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 840. Fèrèsé ọ̀kan gba ìdajì dígírì péré, ti èkejì gba dígírì márùn-ún. Ìṣẹ́jú 12 ni sátẹ́láìtì náà fi ń yí ara rẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan. Bí orísun kan bá ń kọjá lójú fèrèsé, iye tí ẹ̀rọ ń kà á máa gòkè, á sì tún máa wálẹ̀. Ìgbà tó ga jù lọ ni wọ́n fi ń mọ ibi tí orísun náà wà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rí i pé Centaurus X-3 ń ṣẹ́jú ní ìṣẹ́jú àáyá 4.8 sí ara wọn, tó sì ń wọ ẹ̀yìn ìràwọ̀ ẹnìkejì rẹ̀ ní ọjọ́ méjì-méjì ó lé díẹ̀. Orísun 339 ló wà nínú àkójọ Uhuru tó kẹ́yìn. Ẹ wá wo àwọn tó ń pariwo pé Áfíríkà kò sí nínú ìtàn ìmọ̀ yìí! Etí òkun Áfíríkà ni sátẹ́láìtì náà ti gbéra, èdè Áfíríkà ló fi ń jẹ́ orúkọ, àwa fúnra wa la gbàgbé.

Ní ti ikùn tí wọ́n ní X-ray ti ń jáde: ohun tó bá ti wọ inú ihò dúdú kì í jáde mọ́. Ìràwọ̀ ńlá kan, HDE 226868, àti ihò náà ń yí ara wọn po ní ọjọ́ 5.6. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ Louise Webster àti Paul Murdin, àti Tom Bolton ní Kánádà, ló wọn bí ìràwọ̀ náà ṣe ń mì síwá-sẹ́yìn, tí wọ́n sì fi mọ̀ pé ohun wíwúwo kan tí ojú kò rí ló ń fà á. Ìṣirò 2021 ní ihò náà wúwo tó oòrùn 21. Gáàsì tó ń fẹ́ kúrò lára ìràwọ̀ náà kì í já bọ́ tààrà. Ó ń yípo, ó ń ha ara rẹ̀, ó ń gbóná dé ọ̀kẹ́ àìmọye dígírì, ìta ẹnu ihò níbẹ̀ ló sì ti ń yọ X-ray. Uhuru rí i pé ìtànṣán náà ń yí padà láàárín ohun tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìmọ́lẹ̀ kì í rìn ju 300,000 kìlómítà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ibi tó ń tàn kò lè fẹ̀ ju ìyẹn. Oòrùn wa kò wọ ibẹ̀.

Nígbà tí orísun pọ̀ jù, orúkọ agbo kò tó mọ́, ni wọ́n bá ń fi ojúlé kún un. Ẹ wo 4U 1820-30: 4U ni àkójọ kẹrin ti Uhuru, 1820 ni wákàtí 18 àti ìṣẹ́jú 20 lórí òṣùwọ̀n tó pín àyíká ojú ọ̀run sí wákàtí 24, -30 ni dígírì 30 sí gúúsù. MAXI J1820+070, èyí tí ẹ̀rọ MAXI ti Japan rí ní 2018, jọ ọ́ lójú, ṣùgbọ́n ìhà àríwá ló wà. Lẹ́tà J yẹn ló ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí wàhálà. Òpó tí ayé ń yí lé lórí ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nọ́ńbà ojúlé sì ń yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Òṣùwọ̀n 1950 ni 4U ń lò, ti 2000 ni J. Lórí òṣùwọ̀n 2000, 4U 1820-30 ti wà ní wákàtí 18, ìṣẹ́jú 23 àti àáyá 40. Ẹni tó bá fi nọ́ńbà inú orúkọ yẹn na ẹ̀rọ sí i yóò fi nǹkan bíi dígírì kan tàsé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kámẹ́rà tó fẹ̀ jù lórí Chandra, sátẹ́láìtì X-ray ti NASA, kò rí ju ìdajì dígírì lọ. Ẹ tẹ orúkọ náà sínú SIMBAD, àkójọ tí wọ́n ń tọ́jú ní Strasbourg, kí ẹ sì mú nọ́ńbà tó bá gbé jáde lábẹ́ ICRS, òṣùwọ̀n ojú ọ̀run tí àwọn onímọ̀ ń lò báyìí.