Oúnjẹ Wà Lọ́jà, Ebi Wà Nílé

ÌBÉÈRÈ

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé, tí wọ́n ní kí onílé ó gbélé, iṣẹ́ òòjọ́ tí èmi àti ọkọ mi ń ṣe dúró pátápátá. Àwọn ọmọ wa mẹ́ta ń jẹun lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n oúnjẹ náà ń kéré sí i. Èmi a máa dúró títí wọn yóò fi jẹ tán, n óò wá fi omi ṣan ìkòkò, n óò mu ún, n óò sì sùn. Mọ̀lẹ́bí wa kan ní ebi kọ́ ló pa wá, ó ní a kò ṣọ́wó ná ni, nítorí pé oúnjẹ kún ọjà nígbà náà. Ṣé òótọ́ ló sọ? Bí irú rẹ̀ bá sì tún dé, kí ni kí n ṣe?
Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ìfaradà, ìyá wa. Ẹni tí ó mu omi ìṣankòkò sùn kí ọmọ lè jẹun, ebi ló pa á, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bá a jiyàn lé e lórí.

Òótọ́ ni pé oúnjẹ wà. Lọ́dún 2020, ìkórè ọkà lágbàáyé kò dín kù. Síbẹ̀, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣírò pé iye ènìyàn tí ebi pa lọ́dún náà wà láàárín mílíọ̀nù 720 sí mílíọ̀nù 811. Owó tí a fi ń ra oúnjẹ ni kò wọlé mọ́. Ẹni tí ó ń gba owó oṣù lè jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí owó rẹ̀ má yẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń jẹ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, ọjọ́ tí kò jáde ni ìyà ti bẹ̀rẹ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún náà, oúnjẹ ń wọ́n sí i lọ́jà àgbáyé lóṣooṣù, fún odidi ọdún kan. Ilé ẹ̀kọ́ tún tì, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ tálákà ti ń rí oúnjẹ gidi kan jẹ lóòjọ́. Owó wo ni ẹ ó ṣọ́ ná nínú èyí tí ẹ gbà lọ́sàn-án tí ó sì tán lálẹ́?

Àwọn tí ó ń wọn àìtó oúnjẹ kì í dúró di ìgbà tí ẹnì kan bá dákú. Ìbéèrè 8 ni wọ́n ń bi ìdílé nípa oṣù 12 tí ó kọjá: èyí àkọ́kọ́ ni bóyá ọkàn wọn kò balẹ̀ pé oúnjẹ yóò tó, èyí ìkẹyìn sì ni bóyá ẹnì kan wà láìjẹun láti òwúrọ̀ di alẹ́ nítorí àìlówó. Oúnjẹ tí ẹ dín kù àti èyí tí ẹ fò wà láàárín wọn.

Ní ti ọjọ́ mìíràn, mo gbà pé owó lọ́wọ́ ni ìrànwọ́ tí ó dára jù níbi tí ọjà bá ti ṣí, kí ìyálé fúnra rẹ̀ lè ra ohun tí ilé rẹ̀ nílò. Èyíkéyìí tí wọ́n bá ń pín, ẹ tètè lọ forúkọ sílẹ̀ kí ilé tó gbẹ, ẹ má sì jẹ́ kí ojú tì yín. Ẹ má tètè ta irinṣẹ́ yín, nítorí òun ni ẹ ó fi padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yin náà, ẹ jẹun pẹ̀lú àwọn ọmọ, pàápàá bí ẹ bá lóyún tàbí tí ẹ ń fún ọmọ lọ́mú. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan ló tó o.

Ẹ máa wo ẹsẹ̀ àwọn kéékèèké. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ òkè ẹsẹ̀ méjèèjì díẹ̀, kí ẹ sì gbé e kúrò; bí ojú ibẹ̀ bá jìn sínú tí kò tètè padà, tàbí tí apá ọmọ náà tín-ín-rín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.