Ohùn mi dà bí ti ọmọdé: ṣé mo lè fi ṣiṣẹ́ nínú kàtúùnù láti Ìkòròdú níbí?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ káàárọ̀, Àǹtí wa. Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Ìgbógbó, ní Ìkòròdú. Ọmọ ọdún 26 ni mí, àmọ́ tí mo bá pe èèyàn lórí fóònù, wọ́n á ní kí n lọ gbé fóònù fún màmá mi. Tí mo bá ń pa àlọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, mo máa ń yí ohùn padà di Ìjàpá, di Yánníbo, di ajá, inú wọn a sì máa dùn. Mo fẹ́ máa fi ohùn ṣiṣẹ́ nínú kàtúùnù àti lórí rédíò. Ẹnì kan tí mo pàdé lórí Facebook ní kí n kọ́kọ́ san owó ìforúkọsílẹ̀ kí òun tó fi mí han àwọn tó ń ṣe kàtúùnù. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kí n san án? Ṣé mo gbọ́dọ̀ kó lọ sí Ìkẹjà tàbí Lẹ́kí? Kí ni kí n rà? Ṣé kí n fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀?

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, má san kọ́bọ̀ fún ẹni yẹn. Ẹni tó bá nílò ohùn rẹ, òun ló máa sanwó fún ọ. Wọ́n lè ní kí o ka ìlà mẹ́ta mẹ́rin ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ bí o ṣe ń ṣe é. Ìyẹn ò burú. Owó ẹ̀kọ́ náà yàtọ̀. Bí o bá rí ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ, tí o mọ ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, tí o sì ti fi etí ara rẹ gbọ́ iṣẹ́ rẹ̀, sanwó fún un bí èèyàn ṣe ń sanwó fún ọ̀gá tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ télọ̀. Owó "kí n fi ọ́ hàn wọ́n" ni mi ò rí rí láti ọdún 18 tí mo ti ń jẹun nínú iṣẹ́ yìí.

Ohùn tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ ní kí o gbé fóònù fún màmá rẹ, ọjà ni. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin tí ò ń wò nínú kàtúùnù, obìnrin ló ń sọ̀rọ̀ fún wọn. Ní Amẹ́ríkà, Nancy Cartwright ló ń ṣe ohùn Bart Simpson, ọmọkùnrin inú kàtúùnù The Simpsons, láti 1987. Ní Japan, Masako Nozawa, ìyá tí wọ́n bí ní 1936, ló ti ń ṣe ohùn Goku inú kàtúùnù Dragon Ball láti 1986. Ìdí rẹ̀ ò le: ọmọkùnrin gidi á bàlágà, ohùn rẹ̀ á ki, kàtúùnù sì lè wà lórí tẹlifíṣọ̀n fún ogún ọdún kí ọmọ inú rẹ̀ má dàgbà rárá.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn ará Amẹ́ríkà àti Japan ò ní í bá ọ sọ, torí kì í ṣe ìṣòro tiwọn. Òun ni mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn ju gbogbo ohun tó kù lọ: tí o bá ń yí ohùn padà ní Yorùbá, àmì ohùn ò gbọ́dọ̀ bá a lọ.

Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀. Iṣẹ́ kàtúùnù kejì tí wọ́n pè mí sí, ọ̀kẹ́rẹ́ ni mo ṣe. Ọ̀kẹ́rẹ́ yìí ń wá ọkọ́ tó fi ń roko, ó sì ní láti pariwo pé, "Ọkọ́ mi dà?" Mo fún ohùn mi pọ̀, mo gbé e lọ sókè fíofío bí mo ṣe rò pé ọ̀kẹ́rẹ́ á ṣe máa sọ̀rọ̀. Ó dùn mọ́ mi nínú. Ọmọbìnrin kékeré kan tí ìyá rẹ̀ mú wá sí sítúdíò gbọ́ ọ, ó bi ìyá rẹ̀ pé, "Ṣé ọkọ rẹ̀ ló sọnù ni?" Gbogbo wa dákẹ́. Ọmọ náà ò ṣàṣìṣe. Ohun tí mo pè ló gbọ́. Torí pé mo ti gbé gbogbo gbólóhùn náà dé òrùlé, ibi tí ohùn òkè ìparí "ọkọ́" ì bá gùn dé ò sí mọ́. Ọkọ́ bá di ọkọ.

Ọ̀rọ̀ wa ò sì fi àyè gba irú ìyẹn. Wo igba, igbá, ìgbà, igbà, ìgbá: òǹkà, ohun èlò, àsìkò, okùn adẹ́mu, èso. Ohùn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tó bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe kàtúùnù lè gbé ohùn rẹ̀ sí ibi tó wù ú, wọn á ṣì gbọ́ ọ yé. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún tó ń kọ́ Yorùbá láti ara kàtúùnù yẹn, tí a bá sọ ohùn ọ̀rọ̀ nù, a ti kọ́ ọ ní àṣìṣe. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an.

Báwo wá ni a ṣe ń ṣe é? Àyàn ló kọ́ mi. Dùndún kékeré wà, ńlá wà, gángan wà; ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ibi tí ohùn tirẹ̀ wà, síbẹ̀ gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀ tí a ń gbọ́, torí àlàfo tó wà láàárín ìsàlẹ̀, àárín àti òkè kì í parẹ́ lára wọn. Kí o tó sọ ìlà kankan, di ẹnu, kí o fi imú kọ ọ́ bí ìgbà tí ìlù ń sọ ọ́, láìpe ọ̀rọ̀ kankan. Tí o bá ti gbọ́ dò, re, mí rẹ̀ dáadáa, wá gbé ohùn ọ̀kẹ́rẹ́ wọ̀ ọ́. Bí òkè ò bá ní àyè mọ́, sọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Gbé ìwà ẹranko náà sí ibòmíràn: bó ṣe ń yára sọ̀rọ̀, bó ṣe ń mí, bóyá ó fẹjú ẹnu tàbí ó ń gba imú sọ̀rọ̀, bóyá ó lérò pé òun gbọ́n ju gbogbo ayé lọ. Ìjàpá mi ò ki, kò sì tinrín. Ohun tó fi jẹ́ Ìjàpá ni pé kì í kánjú, ó sì máa ń dá ẹnu dúró díẹ̀ kó tó purọ́.

Tún mọ̀ pé iṣẹ́ kàtúùnù pín sí méjì. Èyí tí wọ́n dìídì ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ohùn ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gbà, àwọn ayàwòrán á wá fi ẹnu àti ojú tẹ̀ lé ohùn yẹn. Ibẹ̀ dùn, torí ọwọ́ rẹ ni gbogbo nǹkan wà. Iwájú, kàtúùnù kan tó jáde lórí Disney+ ní oṣù Kejì 2024, Èkó ni ìtàn rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, Fẹ́mi Branch tí a mọ̀ nínú fíìmù Yorùbá sì wà lára àwọn tó fi ohùn ṣe é. Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ ó fi hàn pé wọ́n ti ń wá irú ohùn tiwa. Irú iṣẹ́ kejì ni dubbing: fíìmù ti wà tẹ́lẹ̀ ní èdè mìíràn, ẹnu àwọn tó wà nínú rẹ̀ ti ń mì, ìwọ á wá fi Yorùbá bọ́ sí ẹnu yẹn.

Iṣẹ́ dubbing, ètè ni kí o máa wò. Lẹ́tà mẹ́rin ló ń pa ètè dé ní Yorùbá: b, m, p àti gb. Ká ní ẹni inú àwòrán ké "Help me!" Ètè rẹ̀ á pàdé lẹ́ẹ̀mejì tó fara kan ra, ní p àti ní m. Bí wọ́n bá kọ "Ẹ ràn mí lọ́wọ́" fún ọ, ẹnu àwòrán á ti dákẹ́ kí o tó dé "lọ́wọ́". Sọ "Gbà mí!", gb á bọ́ sí ibi p, m á bọ́ sí ibi m, kò sì gùn jù. Bí wọ́n bá ní "Run!", "Sá!" ni kí o bá wọn fi sí i, má fi "Sáré". Ẹni tó bá lè sọ bẹ́ẹ̀ fún olùdarí pẹ̀lú ọ̀wọ̀, tó sì mú ọ̀rọ̀ tó dára jù dání, wọ́n á tún pè é. Kíláàsì rẹ ti kọ́ ọ ní apá kan nínú rẹ̀. Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń wá ọ̀rọ̀ mìíràn nígbà tí àkọ́kọ́ ò bá wọ ọmọ létí.

Nípa ibi tí ò ń gbé, dúró sí Ìgbógbó rẹ. Àpẹẹrẹ ohùn, ìyẹn èyí tí o gbà sílẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́ bí o ṣe ń ṣe é, àti iṣẹ́ kékeré ò nílò kí o kó kúrò nílé. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ kí ẹ wà papọ̀ ní sítúdíò nìkan ni wàá rìnrìn àjò, tí ó bá sì jẹ́ Erékùṣù ni, ọkọ̀ ojú omi láti Ìpakòdó sàn fún ohùn ju kí o wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12, kí o máa gbé eruku àti èéfín mì.

Ariwo ni wàhálà ibí yìí. Jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò, kẹ̀kẹ́ Márúwá, gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, òjò lórí páànù. Nígbà òjò, ọ̀pọ̀lọ́ àkùrọ̀ ò ní í jẹ́ kí o rí ìdákẹ́jẹ́ títí di nǹkan bí aago mẹ́ta òru. Èmi fi ọdún mẹ́rin gba ohùn sílẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ mi, láàárín àwọn ìró àti bùbá, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹ̀yìn mi. Aṣọ máa ń gbé ohùn mì, kì í jẹ́ kó ta padà bíi ti yàrá tó ṣófo. Kí o tó rà ohunkóhun, fi fóònù rẹ gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá yẹn fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, fi headphone gbọ́ ọ. Ohun tí o bá gbọ́ níbẹ̀ ni oníbàárà náà máa gbọ́ lábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ.

Tí owó bá wá yọ, máìkì irú èyí tí wọ́n ń pè ní dynamic ni kí o kọ́kọ́ rà, má jẹ́ kí ẹni tó ń tajà ti condenser sí ọ lọ́wọ́. Condenser dára, àmọ́ á gbọ́ ajá tó ń gbó ní òpópónà kejì. Fi ààyè tí o bá na àtàńpàkò àti ìka kékeré sí àárín ẹnu rẹ àti máìkì, kí o sì yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ ẹnu má baà lù ú. Audacity, ètò orí kọ̀ǹpútà kan, ni mo fi ń gé ohùn, ọ̀fẹ́ ni. Fáìlì WAV, 48 kHz, 24-bit, ni ọ̀pọ̀ sítúdíò fíìmù máa ń béèrè. Ariwo abẹ́lẹ̀ rẹ, ìyẹn ohun tó ń dún nígbà tí o bá dákẹ́, ò sì gbọ́dọ̀ ga ju -60 dB lọ.

Àpẹẹrẹ ohùn rẹ, má jẹ́ kó ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ohùn ẹni mẹ́rin péré ni kó wà nínú rẹ̀, kí èyí tó dára jù ṣáájú, torí àwọn tó ń gbọ́ ọ máa ń pa á kó tó dé ìdajì. Má fi orin sí abẹ́ rẹ̀. Má sì sín ohùn gbajúmọ̀ kankan jẹ. Ṣe ti rédíò lọ́tọ̀.

Rédíò fúnra rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ ni. Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ń ra àkókò lórí afẹ́fẹ́ nílò ẹni tó máa bá wọn ka ìpolówó àti eré kéékèèké, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà nínú FIBAN, ẹgbẹ́ àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ aládàáni. Ìpolówó ìṣẹ́jú àáyá 30 á kọ́ ọ bí a ṣe ń ka ọ̀rọ̀ kó pé sí ibi tó yẹ láìsáré. Ọ̀nà yìí sì ti là sí i: láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 2022 ni ARCON, àjọ tó ń rí sí ìpolówó, ti ní kí wọ́n má fi ohùn àjèjì ṣe ìpolówó tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ Nàìjíríà mọ́.

Wàyí o, ìwé àdéhùn. Mo ti fara gbá èyí. Ní ọdún kan, ilé iṣẹ́ kan ní kí n ka gbólóhùn díẹ̀ tí fóònù wọn á máa sọ fún oníbàárà. Mo buwọ́ lùwé láìkà á tán. "Ní gbogbo ọ̀nà, títí láé" ló wà níbẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, mo wà nínú ọkọ̀ ní Sábó, mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń polówó ọjà tí mi ò mọ̀ rí, kò sì sí ibi tí mo lè lọ fẹjọ́ sùn. Nítorí náà, béèrè nǹkan mẹ́ta kí o tó lanu: níbo ni ohùn náà ti máa jáde, fún oṣù mélòó, ta ló sì tún lè lò ó? Béèrè ìdajì owó ṣáájú.

Lónìí, fi ìkẹrin kún un: ṣé wọ́n fẹ́ fi ohùn mi kọ́ kọ̀ǹpútà kó máa sọ̀rọ̀ bí èmi? Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tó mú kí àwọn òṣèré ẹgbẹ́ SAG-AFTRA ní Amẹ́ríkà gùnlé ìyanṣẹ́lódì lórí iṣẹ́ géèmù ní oṣù Keje 2024, oṣù mẹ́wàá ó lé ni wọ́n sì fi wà lórí rẹ̀. Tí ìwé náà bá dákẹ́ lórí rẹ̀, ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọn ò ní í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe é, owó rẹ̀ yàtọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ pọ̀.

Àbúrò mi, má fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ ní báyìí. Owó ohùn kì í wá lóṣooṣù. Ó lè dé lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú oṣù kan kó sì dákẹ́ fún mẹ́rin. Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe ni kí o ṣọ́ ọ̀fun rẹ nínú kíláàsì. Àwọn olùkọ́ wà lára àwọn tí ohùn wọn máa ń tètè bàjẹ́, torí ariwo àwọn ọmọ ni wọ́n ń fi ohùn borí. Pàtẹ́wọ́ tàbí kan agogo dípò kí o pariwo. Omi tí ò ń mu kì í kan iṣan ohùn bó ṣe ń kọjá, ó ní láti gba ara lọ ná, nítorí náà láti àárọ̀ ni kí o ti máa mu ún, kì í ṣe ìgbà tí máìkì bá ti tàn. Orógbó táwọn àgbà ń jẹ kò burú, àmọ́ má jẹ ẹ́ kí o tó gba ohùn sílẹ̀, torí ó máa ń gbẹ mi lẹ́nu. Ìran tó bá ní igbe nínú, bẹ olùdarí kí ẹ fi í ṣe ìparí. Tí ohùn rẹ bá há fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìlọ, lọ rí dókítà tó ń wo etí, imú àti ọ̀fun.

Lálẹ́ òní, tí gbogbo ilé bá ti sùn, wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ lọ. Sọ "Ọkọ́ mi dà?" ní ohùn ẹranko mẹ́rin, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Má sọ fún mi èwo ni ẹranko wo. Jẹ́ kí n fi etí mọ̀ ọ́n, kí n sì gbọ́ bóyá ọkọ́ ṣì ni ọkọ́ lẹ́nu gbogbo wọn.