Ìpàdé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, ẹ má tíì mú àdá

Ẹ ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ìlú kan ní Massachusetts, pé igbó kan wà lẹ́yìn ilé yín tó ti bo ilẹ̀ títí dé etí odò, ẹ sì ti rí èèyàn bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ṣe tán láti bá yín ṣán an ní Sátidé. Ìgbà tẹ́ ẹ pe ọ́fíìsì ìlú ni wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá rí Conservation Commission, ìyẹn ìgbìmọ̀ ìlú tó ń bójú tó igbó àti omi. Ẹ wá ń béèrè pé kí ló dé tí ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ tún ní láti tọrọ àyè. Inú ń bí yín, mo mọ̀. Ó bí èmi náà nígbà tèmi. Ìyàtọ̀ àárín wa ò ju pé èmi ò pe ẹnikẹ́ni kí n tó ṣán tèmi.

Oṣù kẹfà ni. A tó ogún, tọkùnrin tobìnrin, gbogbo wa la sì yọ̀ǹda ara wa. Igi tó wà níbẹ̀ ga ju èèyàn lọ, inú rẹ̀ ṣófo, ó ní oríkèé bíi ti ọparun. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀ nínú wa. A fi wákàtí mẹ́rin gé e, a kó o jọ sí etí omi, a ya fọ́tò, a lọ sílé. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, conservation agent ìlú, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà, pè mí. Obìnrin jẹ́jẹ́ kan ni. Ó wọ bàtà òjò wá síbẹ̀, kò pariwo mọ́ mi, ó kàn bẹ̀rẹ̀, ó ṣa ègé kan tí kò gùn ju ìka mi lọ láti inú ẹrẹ̀. Ó ní, “Ṣé ẹ rí oríkèé yìí? Bó bá ti kan ilẹ̀ tútù báyìí, igi tuntun ni.” Japanese knotweed ni wọ́n ń pe nǹkan náà. Gbòǹgbò rẹ̀ tó ṣẹ́ kù sílẹ̀ ń hù, igi rẹ̀ tí a gé ń hù, omi sì máa ń gbé méjèèjì lọ. Mo rò pé ó ń bù mọ́ ọn ni. Nígbà tí yìnyín yọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo rìn lọ sísàlẹ̀ odò, mo sì rí i ní ibi mẹ́ta tí kò sí tẹ́lẹ̀. Àwa la gbìn ín.

Ohun tó yẹ kí n ti mọ̀ nìyí. Òfin ọdún 1957 ló fún àwọn ìlú Massachusetts láyè láti dá ìgbìmọ̀ yìí sílẹ̀, gbogbo ìlú 351 tó wà ní ìpínlẹ̀ náà ló sì ti ní tiwọn báyìí. ConCom làwọn èèyàn ń pè é. Mẹ́ta sí méje ni àwọn ọmọ ìgbìmọ̀, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń lò, àwọn náà kì í sábà gbowó, torí náà ẹ má rò pé òṣìṣẹ́ ọba kan ló fẹ́ fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Àgbà ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ olùkọ́ ló ṣe alága tiwa. Agent nìkan ló ń gbowó oṣù, ìlú kékeré mìíràn kò tiẹ̀ ní ju ti ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà pín sí méjì, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyẹn. Àkọ́kọ́ ni bíbójú tó àwọn ilẹ̀ tí ìlú rà tàbí tí wọ́n fi ta ìlú lọ́rẹ nítorí igbó àti omi. Èkejì ni títẹ̀ lé òfin tó ń dáàbò bo àbàtà, ìyẹn Wetlands Protection Act, èyí ló sì ń gba ìrọ̀lẹ́ wọn. Lábẹ́ òfin yẹn, ibi tó bá wà láàárín 100 ẹsẹ̀ bàtà sí àbàtà tàbí etí omi ti di ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀. Tó bá jẹ́ odò tó ń ṣàn yípo ọdún, ó di 200 (àwọn ìlú ńlá mélòó kan wà tó jẹ́ 25 péré). Kò di èèwọ̀ o. Ó kàn di ohun tá a gbọ́dọ̀ bi wọ́n kí ọwọ́ tó kàn án ni: igbó ṣíṣán, ilẹ̀ gbígbẹ́, erùpẹ̀ dída. Pé ẹ ò gbowó ò yọ yín sílẹ̀, torí omi ò mọ alágbàṣe yàtọ̀ sí ẹni tó wá ṣe ọ̀fẹ́.

Ẹ jókòó ti ìpàdé wọn kan kẹ́ ẹ tó bẹ̀bẹ̀ ohunkóhun. Èmi jókòó ti mẹ́rin, torí wọ́n pè mí wá ṣàlàyé ara mi ni. Ní àkọ́kọ́, ojú ń tì mí. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn rẹ̀. Ọkùnrin kan fẹ́ kọ́ gáréèjì, àwọn tó ń wọn ilẹ̀ fún un ti to àsíá kéékèèké sórí koríko láti fi hàn pé ibí ni àbàtà ti bẹ̀rẹ̀, aládùúgbò sì ní irọ́ ni. Báwo ni wọ́n ṣe yanjú ẹ̀? Gbogbo ìgbìmọ̀ lọ síbẹ̀ láàárọ̀ Sátidé. Agent fi irin gígùn kan lu ilẹ̀, ó lọ́ ọ wọlé, ó fa erùpẹ̀ jáde, gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ yí i ká. Erùpẹ̀ tí omi ti ń rin fún ìgbà pípẹ́ máa ń di eléérú, á sì ní àmì pupa bí ìpẹtà lára. Àsíá kan sún sẹ́yìn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́fà, gáréèjì náà sì ní láti sún pẹ̀lú ẹ̀. Àtìgbà yẹn ni mi ò ti fojú òpè wo wọn mọ́.

Ní ti ìwé, èyí tó rọrùn ni Request for Determination of Applicability: ẹ kàn ń bi wọ́n bóyá òfin kan iṣẹ́ yín ni. Tí iṣẹ́ bá tóbi, Notice of Intent ni. Ẹ ó sọ fún àwọn aládùúgbò, ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìgbọ́rọ̀ láàárín ọjọ́ 21, àṣẹ tó bá sì jáde ń lo ọdún mẹ́ta. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ìlú ni ẹ fẹ́ ṣe, ẹ bi agent bóyá òun fúnra rẹ̀ lè fi ìwé náà sílẹ̀. Ohun tí tiwa ṣe nìyẹn: ètò kan ṣoṣo tó gba ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta, dípò kí n máa wá bẹ̀ wọ́n ní Sátidé Sátidé. Ẹ kọ̀wé sí agent ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìpàdé, kì í ṣe òru ọjọ́ kú ọ̀la. Ìkéde ìpàdé gbọ́dọ̀ jáde ó kéré tán wákàtí 48 ṣáájú, wọn kì í sì í ka Sátidé, Sọ́ńdè tàbí ọjọ́ ìsinmi mọ́ ọn.

Kẹ́ ẹ tó ṣe gbogbo ìyẹn, ẹ béèrè ẹni tó ni ilẹ̀ náà. Ó lè jẹ́ ti ConCom, ó lè jẹ́ ti ẹ̀ka tó ń bójú tó pápá ìṣeré, ó sì lè jẹ́ ti aládàáni. Ọ̀tọ̀ ni ilẹ̀kùn tẹ́ ẹ ó kàn fún ìkọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ti àwọn èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yín. Ẹ máa retí mẹ́rin. Ogún tó bá mi wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ò ju márùn-ún lọ nígbà tó fi di oṣù kẹjọ, àwọn márùn-ún yẹn ló sì ṣe gbogbo iṣẹ́ tó nítumọ̀. Èrò púpọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, fọ́tò ló dára fún. Knotweed ò gbọ́ ti Sátidé kan. Ìgbà mẹ́ta sí mẹ́rin là ń gé e lẹ́ẹ̀rùn kan, lọ́dọọdún, kí gbòǹgbò má bàa rí ewé jẹ. Gbogbo ègé ló ń wọ inú àpò ọ̀rá dúdú tó nípọn, a ó so ó pa, a ó tẹ́ ẹ sínú oòrùn títí yóò fi jẹrà. A kì í kó o sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe ajílẹ̀. Ẹ má sì gbé oògùn apakoríko dání: ẹni tó ní ìwé àṣẹ nìkan ló lè fọ́n ọn lórí ilẹ̀ ìlú.

Tí àwọn ọmọ bá wà nínú yín, ẹ béèrè bóyá water chestnut, ewéko kan tó ń hù lójú omi, wà nínú adágún kankan. Ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù. Inú ọkọ̀ ojú omi kékeré lèèyàn ti ń fi ọwọ́ fà á, ó máa ń já wọ́ọ́rọ́wọ́ tìgbòǹgbò tìgbòǹgbò. Ó gbọ́dọ̀ ṣáájú ìgbà tí èso rẹ̀ á já sómi, torí èso yẹn lè wà nínú ẹrẹ̀ fún ọdún méjìlá kó sì tún hù. Ẹ̀gún mẹ́rin ló ní, ó lè gún bàtà wọlé. Inú ọgbà kan ní Cambridge ti Massachusetts ló ti sá jáde láwọn ọdún 1870, wọ́n ṣì ń fà á nínú odò Charles títí dòní.

Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn, kẹ́ ẹ ki í bọ inú ìbọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ sì yẹ ara yín wò fún eégbọn lálẹ́, torí àìsàn Lyme ò ṣe é fi ṣeré. Ẹ jẹ́ kí agent fi poison ivy hàn yín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ewé kankan; wèrèpè ò jẹ́ nǹkan kan lára ẹ̀. Ìlú náà máa ní ìwé táwọn èèyàn yín máa fọwọ́ sí. Ẹ fọwọ́ sí i, ẹ má jà sí i.

Tiwa ń lọ sí ẹ̀ẹ̀rùn karùn-ún báyìí. Ó ti tín-ín-rín, kò ga ju orúnkún mọ́, kò sì tíì tán. Ibi mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀ odò, ọ̀kan ti kú.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń kọ̀wé sí agent yín, ẹ fi fọ́tò mẹ́ta sí i: etí odò náà, igbó náà láti ọ̀nà jíjìn, àti igi kan ní ìtòsí, kí oríkèé rẹ̀ hàn dáadáa. Bó bá ṣófo nínú, ẹ sọ fún àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn pé Sátidé tó ń bọ̀ yìí ò ṣeé ṣe mọ́.