Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́ Èsì: Ọ̀gá Ojú Omi Tó Wọ́ Ọkọ̀ Ogun Gba Inú Igbó

Òkun o, ẹ̀yin olóòtú. Ẹ kọ ọ́ níjọ́sí pé Geoffrey Spicer-Simson ni ó ṣáájú àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ bá àwọn ará Jámánì jà lórí adágún Tanganyika ní ìlà-oòrùn Áfíríkà ní 1915. Ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun ojú omi láti 1890, kí ló dé tí kò tíì di commander, ipò ọ̀gá tó ga ju lieutenant lọ, nígbà yẹn? — Òǹkàwé kan, Kábà

Òkun o. Hobart ní Tasmania, ní Ọsirélíà, ni wọ́n ti bí i ní 1876, ọmọ ọdún 14 ni nígbà tó wọṣẹ́. Bí wọ́n ṣe ń gbà wọ́n nìyẹn láyé ìgbà náà: ọmọdé á wọlé ní cadet, á di midshipman, á di sub-lieutenant, lẹ́yìn náà lieutenant. Ẹni tó bá ń yege ìdánwò, tí kò sì hùwà ìbàjẹ́, á dé ipò lieutenant. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti ń há. Pípẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kì í sọ ẹnikẹ́ni di commander; yíyàn ni wọ́n ń yàn, ohun tí àwọn ọ̀gá bá sì kọ nípa èèyàn ni wọ́n ń wò. Bí ọkọ̀ bá farapa lọ́wọ́ ẹnì kan, àbààwọ́n ti bá ìwé rẹ̀. Spicer-Simson gbé ọkọ̀ gun etíkun nígbà ìdánrawò ní Portland nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó tún kọlu ọkọ̀ kékeré kan, ọkọ̀ kékeré náà sì rì. Wọ́n gbẹ́jọ́ rẹ̀ ní kóòtù ológun.

Ohun tó mọ̀ dáadáa ni wíwọn odò àti yíya àwòrán rẹ̀. Ó ṣe é lórí odò Yangtze ní Ṣáínà, ó sì tún ṣe é ní Gáńbíà kí ogun tó bẹ̀rẹ̀. Ní November 11, 1914, ọkọ̀ abẹ́ omi U-12 ti Jámánì rì HMS Niger, ọkọ̀ ogun tí wọ́n sọ ní orúkọ odò Ọya tiwa yìí, nítòsí Deal, ìlú etíkun kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Abẹ́ àṣẹ Spicer-Simson ni ọkọ̀ náà wà, orí ilẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ sì wà lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn èyí, ọ́fíìsì ni wọ́n gbé e sí.

Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ọkọ̀ omi ṣe dé adágún tí odò kankan láti òkun kò gbé ọkọ̀ dé? Àwọn ọmọ kíláàsì mi kò gbà mí gbọ́. — Olùkọ́ kan, Ìsánlú

Ẹ sọ fún wọn pé òótọ́ ni, ẹ sì ya ọ̀nà náà sójú pátákó fún wọn. Ọdẹ kan tó ń jẹ́ John Lee ló mú àbá náà lọ bá àwọn aláṣẹ ní London. Wọ́n wá ọkọ̀ onípákó méjì, Mimi àti Toutou. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní 40 ẹsẹ̀ bàtà, ó ní ẹ́ńjìnnì oníbẹntiróòlù méjì, àgbá kékeré kan wà níwájú, ìbọn Maxim sì wà lẹ́yìn. Ní June 15, 1915, ọkọ̀ òkun gbé wọn kúrò ní Tilbury lọ sí Cape Town. Láti ibẹ̀, rélùwéè gbé wọn dé Fungurume ní Kóńgò, ojú irin sì parí síbẹ̀.

Láti Fungurume dé Sankisia, níbi tí ojú irin mìíràn ti bẹ̀rẹ̀, jẹ́ bíi 146 máìlì. Ó ju ìlọ́po méjì ọ̀nà Kábà sí Lọ́kọ́jà lọ, òkè Mitumba sì dábùú rẹ̀. Igi ni wọ́n kọ́kọ́ gé kí ọ̀nà tó là, wọ́n sì ṣe afárá tó lé ní 150 lórí àwọn odò kéékèèké àti kòtò. Wọ́n gbé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lé kẹ̀kẹ́, wọ́n sì fi katakata méjì tí ń lo ooru omi fà á.

Ìṣòro pọ̀. Katakata wúwo ju ọkọ̀ lọ, nítorí náà afárá tó gba ọkọ̀ lè já lábẹ́ katakata. Níbi tí òkè bá ti ga jù, wọ́n á so okùn irin mọ́ igi ńlá, wọ́n á fi fa ẹrù gòkè díẹ̀díẹ̀. Níbi tí agbára katakata kò bá tó, ọ̀pọ̀ màlúù á kún un. Sísọ̀kalẹ̀ le ju gígòkè lọ: bí ẹrù bá ṣáájú ẹni tí ń fà á, ó ti parí nìyẹn, torí náà wọ́n á so màlúù mọ́ ẹ̀yìn kí wọ́n máa fà á padà. Èyí tó burú jù ni àìsí omi. Katakata tí kò bá rí omi mu kò lè rìn, ọ̀gbẹlẹ̀ sì ni. Àwọn obìnrin abúlé ni ó ń fi orí ru omi láti ọ̀nà jíjìn wá kún inú ẹ̀rọ. Orúkọ àwọn ọ̀gá ológun ló wà lára oyè, ṣùgbọ́n láìsí àwọn obìnrin yẹn, inú igbó ni Mimi àti Toutou ì bá kú sí. Ẹ má ṣe fò ó bí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ.

Wọ́n dé Sankisia ní September 28. Rélùwéè gbé wọn dé Bukama, wọ́n wá gba odò Lualaba. Ẹni tó bá ti rí Ọya ní Lọ́kọ́jà lákòókò ọ̀gbẹlẹ̀ mọ bí iyanrìn ṣe ń yọrí sókè. Ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ léraléra, wọ́n sì ń so àgbá òfìfo mọ́ ìhà rẹ̀ kí ó lè léfòó sí i. Rélùwéè mìíràn ló gbé wọn dé etí adágún ní òpin October.

Ọkọ̀ àwọn ará Jámánì tóbi ju ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ. Kí ló mú kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì borí? — Òǹkàwé, Mọ̀pà

Ibi tí àgbá kọjú sí ni. Àgbá tó wà lórí Kingani, ọkọ̀ Jámánì, iwájú nìkan ló lè yìn sí. Ní December 26, 1915, Mimi àti Toutou yára ju ú lọ, wọ́n gba ẹ̀yìn rẹ̀ wá. Kò ju bí ìṣẹ́jú 11 lọ tí ọ̀gá ọkọ̀ náà fi kú, tí àwọn yòókù sì juwọ́ sílẹ̀. Wọ́n tún Kingani ṣe, wọ́n sọ ọ́ ní Fifi, wọ́n sì gbé àgbá tó tóbi jù sí i. Láti ọjọ́ ìjà yẹn ni wọ́n ka Spicer-Simson sí commander.

Ní February 9, 1916, wọ́n lé Hedwig von Wissmann, ọkọ̀ Jámánì mìíràn. Ọta Fifi ń fò kọjá ọkọ̀ náà, ó ń bọ́ sínú omi níwájú rẹ̀, títí Mimi fi súnmọ́ Fifi láti sọ fún ayinbọn pé kó rẹ ẹnu àgbá sílẹ̀. Ọta kan há sẹ́nu àgbá fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, díẹ̀ ló sì kù nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún yìn ín, ó ba ẹ̀rọ Hedwig, ọkọ̀ náà sì rì.

Graf von Götzen ni ó tóbi jù nínú àwọn ọkọ̀ Jámánì, Spicer-Simson kò sì bá a jà rárá. Àwọn kan dá Spicer-Simson lẹ́bi. Ní tiwa, ọkọ̀ onípákó tí ìjì ń jù kiri kò yẹ kó lọ wá ìjà mọ́ ọkọ̀ tó gùn tó 70 mítà. Ìgbà tó jẹ́ kí àwọn ará Jámánì sá kúrò ní Bismarckburg, ìlú wọn kan létí adágún náà, ní June 1916 láìdí wọn lọ́nà ni a kò lè gbà á sílẹ̀.

Kí ló dé bá Götzen, kí ló sì dé bá Spicer-Simson? — Òǹkàwé kan náà

Àwọn ará Jámánì fúnra wọn ló rì í ní July 26, 1916. Wọ́n kọ́kọ́ fi gírísì kún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kí omi má bàa jẹ ẹ́. Gírísì yẹn ló gbà á là: wọ́n yọ ọ́ ní 1924, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èèyàn ní 1927 pẹ̀lú orúkọ Liemba.

Spicer-Simson gba oyè DSO, àmì ẹ̀yẹ àwọn ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì, àìsàn sì gbé e padà sílé. Ó ṣe ògbufọ̀ níbi ìpàdé àlàáfíà ní Paris ní 1919, ó sì padà sídìí iṣẹ́ tó mọ̀ jù: láti 1921 dé 1937, òun ni akọ̀wé àgbà iléeṣẹ́ àgbáyé tó ń bójú tó wíwọn òkun ní Monaco. Kánádà ni ó kú sí ní 1947.