Ọmọ Tí Kò Bá Ṣeré Lórí Òkè

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ìyàwó mi ti ń fẹsẹ̀ gun òkè kí a tó ṣègbéyàwó. Ní báyìí a ti bí ọmọ méjì, ẹ̀gbọ́n pé ọdún mẹ́fà, àbúrò pé méjì, a sì fẹ́ mú wọn dání nígbà ìsinmi tó ń bọ̀. Ọkọ̀ máa gbé wa dé 2,600 mítà, a ó sùn níbẹ̀ mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì a ó rìn dé ilé ìsinmi kan tó wà ní 3,400 mítà, a ó sì sùn ibẹ̀ ní òru méjì. Ìyàwó mi ní ó yá jù. Èmi ní ara ọmọdé le ju ti àgbà lọ. Ta ló tọ̀nà nínú wa? Ṣé a sì lè fún àbúrò ní oògùn oorun kó má bàa da òru rú mọ́ wa lójú? — Bàbá ọlọ́mọ méjì

ÌDÁHÙN: Bàbá ọlọ́mọ méjì, ẹ kú ìmúra. Inú mi dùn pé ẹ béèrè kí ẹ tó gbéra. Ìyàwó yín ló tọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sí lọ́wọ́ pé ara le. Nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, ìdá 21 nínú 100 ni ọ́síjìn, bó ṣe rí létí òkun náà ló rí lókè. Àmọ́ bí a ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ń fẹ́lẹ́ sí i, tí èémí kan ṣoṣo kò fi gbé ọ́síjìn wọlé tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ní 5,500 mítà, ìdajì ló kù. Níbi tí ẹ fẹ́ sùn yẹn, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ni. Ara lè mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ọjọ́ mélòó kan ló ń gbà.

Láti nǹkan bí 2,500 mítà ni àìsàn òkè gíga ti lè muni, bó ṣe ń mú àgbà ló ń mú ọmọdé. Ó sábà máa ń tó wákàtí mẹ́fà sí méjìlá lẹ́yìn tí a débẹ̀ kí orí tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ni, kí èébì máa gbéni, kí ó sì rẹni. Àgbà á sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n lè ní inú ló ń run òun nígbà tó jẹ́ pé orí ló ń fọ́ ọ. Ti àbúrò ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi fún yín. Ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún mẹ́ta nígbà tí a gbé e dé nǹkan bí 3,300 mítà, a sì sáré débẹ̀ bí ẹ ṣe fẹ́ ṣe yìí gan-an. Ọmọ yẹn, bí a bá ti ń rìn, òkúta wẹ́wẹ́ ló máa ń ṣà sápò, tí àpò bá kún, á ní kí n bá òun mú ìyókù. Lọ́jọ́ kejì, mo na ọwọ́ sí àpò ṣòkòtò rẹ̀ kí n kó òkúta dànù, kò sí ẹyọ kan. Bisikíìtì tí mo fún un ló dì mú lọ́wọ́, kò gé e jẹ títí ó fi rọ̀. Mo rò pé ó ń ṣagídí ni, mo tilẹ̀ jágbe mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó bá wa rìn ló sọ pé, “Ọmọ yìí ò ṣeré láti àárọ̀ o.” Kò pẹ́ ló bì. A yí padà lójú ẹsẹ̀, a sọ̀kalẹ̀ tó 800 mítà. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti na òkúta sí mi. Títí di òní, ìjágbe yẹn ṣì ń dùn mí.

Nítorí náà, bí ọmọ kékeré bá kọ oúnjẹ, tó kọ eré, tó ń sunkún láìnídìí, ẹ gbà pé òkè ló ń ṣe é títí ẹ ó fi rí i dájú pé nǹkan mìíràn ni. Ẹ má gòkè sí i. Bí kò bá tètè sàn, ẹ sọ̀kalẹ̀. Bó bá wá ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ọ̀mùtí, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò já gaara, tàbí tó ń mí gúlegúle nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́, omi lè ti ń dá sí ọpọlọ tàbí ẹ̀dọ̀fóró nìyẹn. Ẹ má dúró de ilẹ̀ kó mọ́.

Ètò yín wá ńkọ́? Bí a bá ti kọjá 3,000 mítà, ibi tí a ó sùn lálẹ́ kan kò yẹ kó fi ju 500 mítà lọ ga ju ti àná. Ti ọmọdé tilẹ̀ yẹ kó kéré sí i. Tiyín jẹ́ 800 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ sùn òru méjì ní 2,600. Bí ibùsùn bá wà ní nǹkan bí 3,000, ẹ dúró níbẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Bí kò bá sí, ẹ rìn lọ wo ilé ìsinmi yẹn lọ́sàn-án, kí ẹ padà wá sùn nísàlẹ̀. Ní Aiguille du Midi nílẹ̀ Faransé, ọkọ̀ orí okùn ń gbé èèyàn dé 3,777 mítà, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn kì í sùn síbẹ̀.

Àbúrò tí ẹ máa pọ̀n, ẹ ṣọ́ ọ gidigidi. Ẹ̀yin ń làágùn, òun jókòó sójú kan, òtútù ń wọ̀ ọ́ lára. Okùn àpò ìpọnmọ sì lè fún un nítan débi tí ẹ̀jẹ̀ ò fi ní dé ẹsẹ̀ dáadáa. Ẹ máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lóòrèkóòrè, ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, ẹ fọwọ́ kan ọmọ ìka. Oòrùn náà ń ta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, ó ń fi bí ìdá 10 nínú 100 le sí i ní ẹgbẹ̀rún mítà kọ̀ọ̀kan, nítorí náà fìlà àti awò dúdú ṣe pàtàkì.

Bí ọmọ bá ń wú ikọ́ tàbí tí ọ̀fìnkìn ń ṣe é, ẹ sún ìrìn náà síwájú. Bí ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ bá ti ní àbùkù rí, tàbí tó jẹ́ SS, ẹ má gbé e gòkè láìjẹ́ pé dókítà gbà. Ẹ bi í léèrè nípa AS pàápàá.

Oògùn oorun ńkọ́? Rárá o. Ó lè dín mímí kù, ó sì ń bo àmì àìsàn mọ́lẹ̀. Lókè, mímí ẹni tó ń sùn lè dúró díẹ̀ kó tún bẹ̀rẹ̀, kódà bí ara rẹ̀ bá yá, ìyẹn kò yẹ kó já yín láyà. Bí àbúrò bá jí, ẹ gbé e mọ́ àyà, kí ẹ máa gbọ́ bó ṣe ń mí.