Ìwọ fúnra rẹ ni kí o ṣí àkáǹtì ìdánwò náà

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní o ti parí HND, o ti padà sílé ní Iléṣà, owó ìdánwò kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ rẹ, o sì fẹ́ mọ̀ bóyá A+, ìwé ẹ̀rí CompTIA lórí títún kọ̀ǹpútà ṣe, ni kí o kọ́kọ́ ṣe tàbí CCNA, ìwé ẹ̀rí iléeṣẹ́ Cisco lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. O wá fi kún un nísàlẹ̀ pé ọ̀gá ibi tí o ti ń kọ́ṣẹ́ ní Ifẹ̀ ní kí o kó owó náà wá, pé òun á bá ọ fi orúkọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Má kó owó fún un o.

Ohun tí ojú mi rí rèé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, Lágere ní Ifẹ̀ ni mò ń gbé, mo sì ń kọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́dọ̀ ọ̀gbẹ́ni kan ládùúgbò náà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Nígbà yẹn, àwọn báǹkì ti dí káàdì náírà, kò ṣeé fi sanwó sí òkè òkun mọ́, bẹ́ẹ̀ dọ́là 300 ni owó CCNA. Ọ̀gbẹ́ni yìí ní káàdì dọ́là wà lọ́wọ́ òun. Màmá mi ta ọ̀kan nínú ẹ̀rọ ìránṣọ méjì tí wọ́n ń lò lọ́jà Atákúnmọ́sà, mo fi kún èyí tí mo ti ń tọ́jú, mo kó gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ṣí àkáǹtì, ímeèlì ara rẹ̀ ló lò. Ọjọ́ àti àdírẹ́sì ibùdó ìdánwò nìkan ló fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp.

Aago mẹ́rin ààbọ̀ òwúrọ̀ ni mo wọkọ̀ kúrò ní Ifẹ̀. Kó tó di aago mẹ́jọ mo ti wà ní Ìbàdàn, mo jókòó, mo ń ka ohun tí mo kọ sílẹ̀. Nígbà tó kàn mí, obìnrin tó wà nídìí tábìlì gba páásípọ́ọ̀tù mi, ó wò ó, ó wo kọ̀ǹpútà, ó tún wò ó. Ó bi mí pé ta ni Túndé. Mo ní èmi ni. Ó ní Babátúndé ló wà nínú páásípọ́ọ̀tù. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹnì kan náà ni." Yorùbá ni obìnrin yìí, ó mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Ó ní ẹ̀rọ kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ sí ilẹ̀ ibẹ̀. Kò tilẹ̀ gbójú sókè wò mí mọ́, ó ń pe orúkọ ẹlòmíràn. Mo gbà pé òfin ni, orúkọ tí o fi sílẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé ìdánimọ̀ rẹ mu. Ṣùgbọ́n ó yẹ kéèyàn lè fi ohùn èèyàn sọ ọ́ fún èèyàn. Orí àtẹ̀gùn ni mo jókòó sí títí di ọ̀sán. Owó náà ti lọ, wọn kì í dá a padà.

Ọ̀gbẹ́ni náà ní ẹ̀bi mi ni, pé Túndé ni gbogbo ayé ń pè mí. Ọmọ Òṣómàáló ni mí, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kọ́bọ̀ kan kò jáde. Oṣù kẹfà ọdún náà ni ìjọba tú náírà sílẹ̀. Dọ́là tí báǹkì ń kà sí náírà tí kò tó 500, nígbà tó fi di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,400. Ohun tí màmá mi fi ẹ̀rọ san kò tó ìdajì ohun tí a san lẹ́ẹ̀kejì. Àkáǹtì tí mo fọwọ́ ara mi ṣí ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Kánádà bá mi sanwó sí. Mo yege.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ìbéèrè ìdánwò lórí Telegram, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣíwọ́. Cisco lè gba ìwé ẹ̀rí náà lọ́wọ́ yín. Ibi tí mo ti rí iṣẹ́, bébà àti bírò ni wọ́n gbé síwájú wa. Wọ́n ní ká pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan sí àwọn ìpín kéékèèké tí wọ́n ń pè ní /26, ká sọ iye ẹ̀rọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbà. 62 ni. Ẹni tó ṣáájú mi wọlé ní ìwé ẹ̀rí, kò lè ṣe é. Àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ á máa pariwo lórí rédíò pé kò sí ọ̀dọ́ tó mọṣẹ́, síbẹ̀ wọ́n á ní kí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde mú ìrírí ọdún márùn-ún wá, owó tí wọ́n sì fẹ́ san kò tó owó ọkọ̀ láti Iléṣà sí Ifẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Ta ni wọ́n rò pé yóò dúró?

CCNA ni kí o ṣe. Ìdánwò méjì ni A+, owó méjì lo máa san kí wọ́n tó fún ọ ní ìwé ẹ̀rí kan, bẹ́ẹ̀ ẹyọ kan lo ní. Láti oṣù kejì ọdún 2020, ìdánwò kan ṣoṣo ni CCNA, kò sí èyí tí wọ́n ní kí o kọ́kọ́ ṣe. Wákàtí méjì ni, bí o bá sì ti fi ìbéèrè kan sílẹ̀, o kò lè padà sí i mọ́. Ọdún mẹ́ta ni ìwé ẹ̀rí náà ń lò kó tó parí. Ọ̀fẹ́ ni Packet Tracer, ètò Cisco tí a fi ń kọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lórí kọ̀ǹpútà láìra ẹ̀rọ gidi, wà á sórí láptọ́ọ̀pù, kí o máa fi so ráútà pọ̀ lójoojúmọ́. Ìwé kíkà, o mọ̀ ọ́n.

Ní ti owó sísan, àwọn báǹkì kan ti tún ṣí káàdì náírà fún òkè òkun lọ́dún 2025. Béèrè iye tí tìrẹ gbà kí o ná. Kí o tó san, gbé páásípọ́ọ̀tù rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, ka orúkọ náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Àbí o ti kó owó náà fún un? Bí o bá ti kó o, lọ bá a lónìí, kó ṣí ojú ewé orúkọ náà níwájú rẹ, kí ọjọ́ ìdánwò tó kù sí dẹ̀dẹ̀.